Ipò Kìíní Nìkan Kọ́ Ni Ẹ̀bùn Ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo òbí tó ní ọmọ nílé ìwé. Kí ló yàtọ̀ láàárín ọmọ tó ń gba máàkì dáadáa àti ọmọ tó ní ẹ̀bùn ọpọlọ?

Ọmọ tó ń gba máàkì dáadáa máa ń tẹ́tí sí olùkọ́, ó máa ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó sì mọ ìdáhùn tí olùkọ́ ń retí. Ọmọ tó ní ẹ̀bùn ọpọlọ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣirò tí kò rí rí, ó lè dá ọ̀nà tirẹ̀ wá. Ohun tó bá ti yé e lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá ń tún un sọ, ó lè sú u, kó máa wo ìta tàbí kó máa da kíláàsì rú. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi ń wo bí ọmọ ṣe ronú dé ìdáhùn.

Àmọ́ ó rọrùn kéèyàn rí máàkì ju kó rí ìrònú lọ. Ní agbègbè Broward ní Florida, olùkọ́ tàbí òbí ló máa ń dárúkọ ọmọ tí wọ́n máa yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ní 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọ kíláàsì kejì ní ìdánwò tó dá lórí àwòrán, tí kò gba Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Àwọn tó bá ṣe dáadáa á wá lọ ṣe àyẹ̀wò IQ. David Card àti Laura Giuliano ṣe ìwádìí lórí ẹ̀: àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n rí fi nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 pọ̀ sí i, àwọn ọmọ Hispanic fi ìdá 130. Ṣé ọdún yẹn ni ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí wọn ni? Rárá o! Kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí owó wọ́n tí wọ́n dá ètò náà dúró, iye wọn tún já wálẹ̀.

Nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí mò ń ṣe, ibi tí a kò bá yẹ̀ wò, a ò lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ nílé pé kó má já lu ọ̀rọ̀ àgbà lè dákẹ́ ní kíláàsì, kí olùkọ́ rò pé kò mọ nǹkan. Nítorí náà, ẹ bi iléèwé ọmọ yín: "Ṣé gbogbo ọmọ lẹ̀ ń yẹ̀ wò, àbí àwọn tí olùkọ́ dárúkọ nìkan?"