Lórí omi tí òyìnbó ti ń ṣe fàájì ní Barcelona, ibẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ti bú sẹ́kún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, yóò sá. Òwe lásán ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo fojú ara mi rí ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan lóṣù kẹfà, ọdún 2024, nílùú Barcelona, lórílẹ̀-èdè Spain. Ọkùnrin tó ga, tó fẹ̀ láyà, tó ń gbé páálí ọsàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gbé ìṣáná, òun náà ló dúró létí omi tó di irin mú gírígírí, tó ní kò sẹ́ni tó máa gbé òun wọnú ọkọ̀ yẹn. Ẹ má rò pé ọkọ̀ ogun ni o. Ọkọ̀ fàájì ni!

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ìyá Ìbejì jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ kàwé ní Poli, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo dé sí nígbà tí mo lọ sí Barcelona. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Mercabarna, ọjà ńlá táwọn ọlọ́jà ìlú náà ti ń ra èso, ẹja àti ewébẹ̀ lọ́pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ pé ọmọ ogójì ọdún. Ni Ìyá Ìbejì bá ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, yúrò márùn-ún-dín-lógójì lẹ́nì kan, pé káwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ látojú òkun. Kò sọ fún ọkọ ẹ̀ títí tá a fi débẹ̀, ó fẹ́ kó bá a lójijì.

Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Èmi náà dá sí i, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kówó àǹtí ṣòfò." Ńṣe ló ń wo omi bí ẹni tí omi jẹ ní gbèsè. Obìnrin òyìnbó tó ń wakọ̀ náà ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Bàbá Ìbejì fi èdè Spain bi í pé èèyàn mélòó ló máa wọ̀ ọ́. Ìyẹn ní ọgọ́ta péré, òun á sì kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún bi í pé báwo lọkọ̀ náà ṣe gùn tó. Ìyẹn ní ó lé ní 20 mítà. Ó wáá bi í pé jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ńkọ́. Obìnrin náà ṣí àpótí kan fún un. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka jákẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan títí tó fi pé, ó mú ọ̀kan wọ̀, ó tó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló wọ̀ ọ́. Àwọn òyìnbó kan ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn ò mọ nǹkan kan.

Ìlú tó kẹ̀yìn sókun tẹ́lẹ̀

Ẹni tí kò bá dé Barcelona rí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibẹ̀ díẹ̀. Port Vell, ìyẹn èbúté àtijọ́, lọ̀pọ̀ ọkọ̀ fàájì yìí ti ń gbéra. Òpó gàgàrà kan wà nítòsí ẹ̀ tó ga tó 60 mítà, ère Christopher Columbus ló wà lókè ẹ̀, tó na ìka sójú òkun. Ọdún 1888 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, nígbà tí ìlú náà gbàlejò ìpàtẹ ọjà àgbáyé. Ọdún yẹn náà làwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Golondrinas bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò káàkiri èbúté ọ̀hún. Alápàándẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè ní golondrina lédè Spain, ẹ ò rí i pé orúkọ náà bá a mu, torí lílọ bíbọ̀ ni tiẹ̀.

Kò jìnnà sí èbúté yìí ni ère Antonio López wà tẹ́lẹ̀, gbajúmọ̀ oníṣòwò tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fi òwò ẹrú ní Cuba kówó jọ. Ìjọba ìlú gbé ère náà kúrò lọ́dún 2018. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba.

Ìlú yìí kẹ̀yìn sókun fún ìgbà pípẹ́. Iléeṣẹ́ ńláńlá, ibi ìkẹ́rùsí àti ojú irin rélùwéè ló dí ọ̀pọ̀ etí omi ọ̀hún pa. Ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1992 ló yí i padà. Wọ́n wó iléeṣẹ́, wọ́n ṣí ojú irin nípò, wọ́n kó yanrìn dà sétí omi, ibẹ̀ sì di etíkun bíi kìlómítà mẹ́rin táwọn èèyàn ti ń nà gbalaja sínú oòrùn. Òlíńpíìkì yẹn kò ṣàjèjì sí wa o. Òkè Montjuïc wà lápá òsì tẹ́ ẹ bá ń wo ìlú látojú omi. Orí ẹ̀ ni pápá ìṣeré tí Olapade Adeniken, Oluyemi Kayode àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti sáré 4x100 mítà, tí wọ́n gba mẹ́dàlì fàdákà fún Nàìjíríà.

Aago mẹ́jọ alẹ́ la gbéra, oòrùn ṣì ń ràn bíi ti aago mẹ́rin ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, torí lóṣù kẹfà, ó máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kí oòrùn tó wọ̀ ní Barcelona. Ọkọ̀ ìgbòkun onídìí méjì ni wọ́n kó wa sí. Okùn ni wọ́n fi hun iwájú ẹ̀ bí àwọ̀n, orí àwọ̀n yẹn làwọn ọ̀dọ́ ń dùbúlẹ̀ sí tí omi ń ta sí wọn lára. Wọ́n ń gbé wáìnì káàkiri, ọkùnrin kan ń fun sakisofóònù. A kọjá lára òtẹ́ẹ̀lì W tí wọ́n ṣí lọ́dún 2009. Bí ìgbòkun ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, orúkọ táwọn ará ìlú sì ń pè é náà nìyẹn, Vela. A rí Barceloneta, àdúgbò àwọn apẹja àtijọ́. A rí ilé gogoro méjì ní Port Olímpic, tí ìkọ̀ọ̀kan ga tó 154 mítà, àti ẹja ńlá onírin tí Frank Gehry ṣe sí tòsí wọn. Lọ́ọ̀ọ́kán, ṣọ́ọ̀ṣì Sagrada Família, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1882, yọrí sókè láàárín ilé.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí wọn kì í sọ fún àlejò. Tẹ́ ẹ bá rò pé ẹ máa rí oòrùn tó ń rì sínú òkun, ẹ ò ní í rí i. Apá ìlà-oòrùn lókun wà sí Barcelona, inú òkun loòrùn ti ń yọ láàárọ̀, ẹ̀yìn òkè ló ń wọ̀ sí lálẹ́. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé oòrùn á rọra sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn òkè Collserola, nítòsí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì Tibidabo wà, ilé gbogbo á dúdú, ojú ọ̀run á pọ́n bí epo, omi náà á gba àwọ̀ ẹ̀. Ká sòótọ́, ó dùn ún wò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mú súwẹ́tà dání, torí atẹ́gùn máa ń tutù lójijì, kó má sì jẹun yó jù kó tó wọkọ̀.

Ìgbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì

Gbogbo ìgbà tá a fi ń wòran yìí, Bàbá Ìbejì jókòó sídìí òpó àárín ọkọ̀, kò wọ̀tún, kò wòsì. Ìyá Ìbejì gbé fóònù jáde, ó ní kó gba ife mínírà dání kóun yà á, kóun gbé e sórí WhatsApp káwọn ará ilé rí i. Ó ní rárá.

Bó ṣe ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fẹ́ kí ìgbòkun nìkan máa gbé wa lọ, káwọn èèyàn lè gbọ́ ìró omi. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin ogójì ọdún bú sẹ́kún bí ọmọdé! Ó ní bí ẹ́ńjìnnì tàwọn náà ṣe dákẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ aṣọ òkè híhun ni Bàbá Ìbejì ń ṣe n'Ìṣẹ́yìn, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, inú àgbàlá kan náà ni wọ́n ti ń hun ún. Ọjà ò yá. Wọ́n bá pàdé bọ́gà kan, ìyẹn àwọn tó ń kó èèyàn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, tó ní òun á gbé wọn dé Ítálì. Wọ́n gba Kano, wọ́n gba Agadez, wọ́n la aṣálẹ̀ já dé Líbíà. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n lò níbẹ̀, wọ́n ń bá bíríkìlà ṣiṣẹ́, wọn kì í gba owó pé. Lóru ọjọ́ kan lọ́dún 2014 ni wọ́n kó wọn sínú lapalapa, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ wa ṣe ń pe ọkọ̀ rọ́bà ní Líbíà. Kò gùn ju bíi mítà mẹ́wàá lọ, èèyàn inú ẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí jákẹ́ẹ̀tì. Kò sí awakọ̀, ọ̀kan nínú àwọn èrò ni wọ́n fún ní kọ́ńpáàsì tí wọ́n ní kó máa wà á lọ.

"Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì kú," bẹ́ẹ̀ ló wí. "Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ yìí gẹ́lẹ́. Àwọn kan rò pé a ti dé, wọ́n ń dúpẹ́. Kò pẹ́ ni atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rẹ́ mi sì wà lápá ibẹ̀. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Bẹntiróòlù ti dà sí wa lára, ọwọ́ wá ń yọ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Ọkọ̀ àwọn ológun ojú omi Ítálì ló kó àwọn tó kù.

Kì í ṣe àwọn nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Láti ọdún 2014, èèyàn tó ju 25,000 lọ ni àjọ IOM tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kiri lágbàáyé ti ṣàkọsílẹ̀ pé wọ́n kú tàbí sọnù lórí Òkun Mẹditaréníà. Lọ́dún 2016 nìkan, ọmọ Nàìjíríà tó wọ Ítálì látojú omi lé ní 37,000, àwọn tó dé nìyẹn o. Nígbà ayé Antonio López, tipátipá ni wọ́n fi ń kó èèyàn wọkọ̀. Lónìí, àwa là ń ta ilẹ̀ bàbá wa ká lè rówó san fún wọn.

Barcelona pàápàá ò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Lọ́dún 2016, ìjọba ìlú gbé pátákó kan sétí òkun Barceloneta, iye àwọn tó ti bá òkun lọ lọ́dún náà ló ń kà, lójú àwọn tó wá lúwẹ̀ẹ́. Ní Badalona, ìlú tó wà nítòsí Barcelona, àwọn òmùwẹ̀ tó ń dóòlà ẹ̀mí létíkun dá ẹgbẹ́ Open Arms sílẹ̀ lọ́dún 2015. Nígbà tó di 2016, oníṣòwò kan fún wọn ní ọkọ̀ fàájì olówó ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Astral, wọ́n sì sọ ọ́ di èyí tí wọ́n fi ń yọ èèyàn nínú omi. Ẹ ò rí i pé tó bá wu èèyàn, ọkọ̀ fàájì náà lè gbẹ̀mí là.

Irọ́ ọdún mẹ́wàá

Ohun tó ń jẹ Bàbá Ìbejì lọ́kàn jù kì í ṣe omi. Irọ́ ni. Nígbà tó dé Ítálì, ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ pè é pé ọmọ òun ńkọ́. Ẹnu ẹ̀ ò gbà á láti sọ ọ́. Ó ní àwọn jọ dé ni, pé ìyẹn ti kọjá sí Jámánì. Láti ìgbà yẹn, ọdọọdún ló ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá náà, á ní ọmọ ẹ̀ ló ní kóun fi ṣọwọ́. Òun fúnra ẹ̀ kúrò ní Ítálì, ó já èso lóko Lleida ní Spain, ó sùn síta, ọdún mélòó kan kọjá kó tó rí ìwé ìgbélùú gbà. Kò sọ ìkankan nílé. Fọ́tò ló ń fi ránṣẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká wọkọ̀ yẹn ni àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, pè é láti Ìṣẹ́yìn pé òun ti ta ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fóun, òun ti sanwó fún bọ́gà, Líbíà lòun fẹ́ gbà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ lọ, ẹ̀yin méjèèjì náà lẹ dé. Kí ló wá ń bà yín lẹ́rù nítorí tèmi?" Bàbá Ìbejì ò rí èsì fọ̀. Tó bá ní ikú wà lọ́nà, irọ́ ẹ̀ á já.

Ìyá Ìbejì, tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ló gbé e wọ Spain, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó dì mọ́ ọkọ ẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ fún àbúrò yín báyìí. Tílẹ̀ bá mọ́, kẹ́ ẹ pe ìyá yẹn." Ọkọ̀ ti ń padà sí èbúté, iná ti tàn káàkiri ìlú. Bàbá Ìbejì gbé fóònù sẹ́nu, ó gbohùn sílẹ̀ fún àbúrò ẹ̀. Mo gbọ́ ọ. "Èmi nìkan ni mo dé o. Òkun ló gba ọ̀rẹ́ mi. Mo purọ́ fún ìyá ẹ̀, mo purọ́ fún ìwọ náà. Gbogbo fọ́tò tó ò ń rí yẹn, ibi tó dáa nìkan ni mò ń yà. Lọ gba owó ilẹ̀ yẹn padà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló pe ìyá náà. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wáá ní, "Ọkọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ọmọ tí mo bí ò lè jẹ́ kí gbogbo Iléyá wọ̀nyí kọjá kó má pè mí. Ẹnu tìẹ ni mò ń wò." Ó ní kó fowó ránṣẹ́ lórúkọ ara ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, káwọn fi ṣe fìdáù fún ọmọ òun.

Àbúrò ńkọ́? Nígbà tí mò ń kọ ìròyìn yìí, ó ṣì wà n'Ìṣẹ́yìn. Kì í ṣe ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìkan ló dá a dúró. Ìyá náà fúnra ẹ̀ ló wọṣọ, ó lọ bá a nílé, ó jókòó tì í láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà ò tíì rí owó ẹ̀ gbà lọ́wọ́ bọ́gà, kò sì tíì sọ pé òun ò lọ mọ́. Ó ní òun ṣì ń rò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ máa sọ èyí tó burú mọ́ èyí tó dáa fáwọn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ẹni tó bá ní físà, tó wọ bààlú dé Barcelona, kó lọ gun ọkọ̀ yẹn, á gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní kó wá gba Líbíà, kó kọ́kọ́ bi bọ́gà ní ìbéèrè mẹ́ta tí Bàbá Ìbejì bi obìnrin awakọ̀ yẹn: èèyàn mélòó ló máa wọ̀ ọ́, báwo ló ṣe gùn tó, jákẹ́ẹ̀tì dà? Tí bọ́gà ò bá rí èsì fọ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀.