Òtútù Kì í Pa Òùngbẹ: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Omi Mímu Ẹṣin ní Ìgbà Ọyẹ́

Ní etíkun Eleko ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ẹṣin jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àwọn tí ó wá ṣe fàájì ń sanwó láti gùn. Omi òkun lọ súà níwájú ẹranko náà, ṣùgbọ́n kò wúlò fún un. Iyọ̀ tí ó wà nínú lítà omi òkun kan tó gíráàmù 35. Ṣe ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń dá kún òùngbẹ ẹni tí ó bá mu ún. Láti inú kànga tàbí ẹ̀rọ omi ni olùtọ́jú ẹṣin ti ń pọn omi, kẹ́ẹ̀gì àti garawa ni ó sì fi ń gbé e. Iye tí yóò pọn lójúmọ́ wà lọ́wọ́ ohun tí ó gbà gbọ́ nípa ojú ọjọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan onítumọ̀ àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé tí ó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ẹṣin ti ilẹ̀ olótùútù wá. Àwọn ìwé náà a máa tẹnu mọ́ ọn pé ẹṣin kò gbọdọ̀ ṣe aláìní omi ní àkókò tí yìnyín ń bọ́. Kí ni Yorùbá yóò pe àkókò náà? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń du ipò yìí. Àkọ́kọ́ ni ìgbà òtútù, tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lò. Èkejì ni ìgbà ọ̀gìnnìtìn. Ẹ̀kẹta ni ìgbà ọyẹ́, tí ó fa onítumọ̀ mọ́ra nítorí pé láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ọyẹ́ ń fẹ́, oṣù wọ̀nyí kan náà sì ni òtútù ń mú ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí Yorùbá bá gbọ́ òtútù, ohun tí ó ń wá sí i lọ́kàn ni pé òùngbẹ ti dínkù. Bí a bá wá kọ àkọlé kan báyìí pé “Omi Ẹṣin ní Ìgbà Òtútù”, òǹkàwé lè rò pé wọ́n ń fún òun láyè láti dín omi kù ni. Òdìkejì èyí ni ìwé náà ń sọ.

Kí ìdí rẹ̀ lè yé ni, ó yẹ kí a wo ìṣirò kan. Ẹṣin tí oúnjẹ rẹ̀ gbẹ, tí kò ṣiṣẹ́, tí ooru kò sì mú, a máa nílò nǹkan bí lítà omi 5 fún kìlógíráàmù 100 ara rẹ̀ lójúmọ́. Èyí tí ó bá wúwo tó kìlógíráàmù 500 yóò nílò lítà 25, èyí tí í ṣe ẹ̀kún kẹ́ẹ̀gì ńlá kan. Èyí tí ó bá wúwo tó 300 yóò nílò lítà 15. Iṣẹ́ àti ooru lè sọ iye yìí di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu garawa nìkan ni omi ń gbà wọ inú ẹṣin. Omi lè kó ìdá 80 nínú 100 koríko tútù, kí ó sì jẹ́ ìdá 12 péré nínú 100 koríko gbígbẹ. Ẹṣin tí ó bá jẹ kìlógíráàmù 40 koríko tútù ti jẹ lítà omi 32 mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kìlógíráàmù 9 koríko gbígbẹ ni ó jẹ, tí ojúlówó oúnjẹ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, omi tí ó bá a wọlé kò ju lítà kan lọ púpọ̀. Garawa ni ó gbọdọ̀ dí àlàfo yìí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́ta ni ó yẹ kí ó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: omi mímu, omi inú oúnjẹ, àti àpapọ̀ omi. Gbólóhùn bí “ẹṣin ń mu omi díẹ̀” kò wí nǹkan kan nípa àìní rẹ̀ títí a ó fi mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń sọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1994, fi èyí hàn. Nígbà tí òtútù mú gidigidi, àwọn ẹṣin kékeré mu omi tí a mú lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ju bí wọ́n ti ń mu omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín lọ. Omi mímu ni òtútù dín kù; kò dín àìní kù.

Ìmọ̀ràn pé kí a mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ní iṣẹ́ kankan ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Ewu ọyẹ́ yàtọ̀. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ òkun kún fún ọ̀rinrin, òógùn a máa ṣàn lára ẹṣin, olùtọ́jú a sì rí i. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ a gbẹ, òógùn a sì gbẹ kí ó tó ṣàn. Omi àti iyọ̀ ti jáde kúrò lára ẹranko náà, ṣùgbọ́n ojú kò rí i. Òwúrọ̀ tutù, ara ẹṣin gbẹ, olùtọ́jú a sì rò pé kò sí wàhálà.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òùngbẹ àti àìtó omi ara ti di dandan. Òùngbẹ jẹ́ ohun tí ẹranko ń mọ̀ lára. Àìtó omi ara jẹ́ ipò tí ara wà, ó sì ṣeé yẹ̀ wò. Èrìgì ẹṣin a gbẹ. Bí a bá fi ìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, kì í tètè padà sáyè rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ a le. Bí oúnjẹ gbígbẹ kò bá rí omi tí yóò fi rìn, ó lè dí ìfun. Ẹṣin kì í sì í bì, nítorí náà ohun tí ó bá dí i nínú kò lè gba ẹnu jáde. Inú rírun tí irú ìfun dídí bẹ́ẹ̀ ń fà lè pa á.

Nígbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ó fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù fún iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí ni kí ó kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà òtútù lè dúró fún àkókò yìnyín ti ilẹ̀ òkèèrè, kí ìgbà ọyẹ́ sì dúró fún tiwa. Kò yẹ kí a fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ṣùgbọ́n nínú àkọlé ìwé ìtọ́jú ẹṣin, orúkọ tí ó bá ìdí ọ̀rọ̀ mu ju méjèèjì lọ ni ìgbà oúnjẹ gbígbẹ. Ẹni tí ó bá ka ìgbà òtútù lè gbé garawa sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ka ìgbà oúnjẹ gbígbẹ yóò lọ pọn omi sí i.