Gáàsì Tó Ń Fa Oje Atalẹ̀

Ẹ gbé ìkòkò àgbo tí atalẹ̀ wà nínú rẹ̀ kaná, kò ní pẹ́ tí òórùn rẹ̀ á fi gba ilé kan. Àdánù ni òórùn yẹn: lára òróró tó yẹ kó wà nínú àgbo ló ń bá atẹ́gùn lọ. Èyí tó kù pàápàá, iná kì í fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Gingerol tó ń mú kí atalẹ̀ tútù ta lẹ́nu máa ń di èròjà mìíràn, shogaol, bí ooru bá pọ̀ lórí rẹ̀.

Dípò iná, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lo hexane, omi kan tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì. Hexane mọ òróró fà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń yára gbiná, fífà á símú lójoojúmọ́ ń ṣàkóbá fún iṣan ara, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè ṣẹ́kù sínú oje.

CO2 ni ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lò, gáàsì tí à ń mí síta, tó ń hó nínú mínírà. Bó bá gbóná kọjá ìwọ̀n 31 Celsius, tí a sì fún un mọ́ra títí ìfúnpá rẹ̀ fi ju ìlọ́po 73 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ (ti inú táyà mọ́tò kékeré kò ju bí ìlọ́po 3 lọ), kì í ṣe gáàsì mọ́, kò sì di omi. Ó ń wọ ihò tíntìntín bíi gáàsì, ó sì ń yọ́ òróró bíi hexane. Charles Cagniard de la Tour, ará Faransé, ló kọ́kọ́ kíyè sí irú ipò yìí ní 1822. Ó sé ọtí àti òkúta roboto mọ́nú ọ̀pá ìbọn, ó ń mú un gbóná, ó ń fetí sí i. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ìró omi mọ́: ọtí náà ti bọ́ sí ipò yẹn.

Wọn á lọ atalẹ̀ gbígbẹ, kò ní kúná jù kí gáàsì lè ráàyè kọjá, wọn á dà á sínú àgbá irin tó nípọn. Wọn á kọ́kọ́ mú CO2 tutù kó di olómi, torí pọ́ǹpù kò lè ti gáàsì bó ṣe ń ti omi. Lẹ́yìn tí pọ́ǹpù bá tì í, wọn á mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé bí ìwọ̀n 40 sí 60, á wá gba inú atalẹ̀ kọjá, á sì gbé òróró dání. Apá tí mo fẹ́ràn jù ló kàn. CO2 náà á gba ẹnu fáàfù bọ́ sínú àgbá mìíràn tí ìfúnpá ibẹ̀ rẹlẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, agbára tó fi gbé òróró dání tán. Òróró já sílẹ̀, CO2 di gáàsì padà, ó lọ tutù kó lè tún yípo. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún máa sè kúrò nínú oje. Àwọn mìíràn ń to àgbá méjì tẹ̀ léra: oje tó ki, tó ń ta lẹ́nu, á já sínú àkọ́kọ́, òróró olóòórùn á já sínú ìkejì.

Ṣé kì í ṣe CO2 yìí náà ló ń mú ayé gbóná ni? Òun ni, àmọ́ ẹ̀rọ yìí kọ́ ló ń dá a sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọtí àti ti ajílẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń gbà á, níbi tí ì bá ti fò lọ. Iná mànàmáná ni ìṣòro gan-an. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ oní-dísù ló ń gbé pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ amútutù, èmi ò ní bá wọn pè é ní ọ̀rẹ́ àyíká.

Kì í sì í ṣe gbogbo egbòogi ni ẹ̀rọ yìí lè fà. Òróró àti ìda ni CO2 mọ̀. Àwọ̀ pupa inú ìṣápá, tó fẹ́ràn omi, kò ní tẹ̀ lé e. Kó tó lè fà á, wọ́n ní láti po omi àti ethanol mọ́ gáàsì náà, kí wọ́n sì tún wá ọ̀nà gbé e kúrò. Fún ìṣápá, omi gbígbóná tí a ń lò nílé ti tó.