Ẹlẹ́rìí Káàdì

Bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń sanwó kí a lè bá wọn yẹ káàdì àtijọ́ tí àwòrán eléré ìdárayá wà lára rẹ̀ wò, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wá, nítorí òǹtajà mìíràn a máa gé etí káàdì tó ti gbó kí ó lè dà bí titun.

Ní 1991 ni ilé-iṣẹ́ PSA bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń yẹ igun, etí àti ojú káàdì wò, wọ́n ń fún un ní máàkì, 10 sì ni òkè pátápátá. Káàdì Honus Wagner, ògbóǹtagí nínú eré bésíbọ́ọ̀lù, ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó gba 8. A tà á ní mílíọ̀nù 2.8 dọ́là ní 2007. Àṣé a ti gé etí òun náà! Bill Mastro, tó ti tà á rí, ló jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nílé ẹjọ́ ní 2013.