Oúnjẹ Ṣáínà Tó Gbọ́ Sípáníìṣì: Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Highbridge

Ẹni tí ebi bá ń pa ní Highbridge, Sípáníìṣì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ òórùn oúnjẹ. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bronx ni àdúgbò náà wà, lórí òkè kan tó kọjú sí odò Harlem, kò sì jìnnà sí pápá Yankee Stadium tí wọ́n ti ń gbá baseball. Àwọn ará Dominican Republic àti Puerto Rico ló kún ibẹ̀; àwọn ará Gánà, Gáńbíà àti Màlì náà ti fìdí múlẹ̀ láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé níbẹ̀ ni mo lọ kí, àmọ́ ọkàn mi wà lára oúnjẹ Ṣáínà àti ti Íńdíà. Ṣebí New York ni mo wà? Kí lèèyàn á wá níbẹ̀ tí kò ní rí? Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ti Ṣáínà, wàá rí i títí á fi sú ẹ," ni wọ́n wí. "Ti Íńdíà, ó di ọwọ́ ẹsẹ̀ ẹ."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin 4 láti Manhattan, mo sọ̀ ní 167th Street. Orí òpó ni ojú irin náà wà, lókè títì, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ á dánu dúró ná. Láti ibẹ̀ lọ, òkè ni gbogbo ọ̀nà. Ọmọ Ìbàdàn tó ti fẹsẹ̀ gun Màpó rí mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga débi pé títì mìíràn kò lè gùn ún, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi parí rẹ̀. Èyí tó wà ní West 167th Street, láàárín Shakespeare Avenue àti Anderson Avenue, ni Joaquin Phoenix ti jó nínú fíìmù Joker ní 2019, láti ìgbà náà sì ni àwọn àlejò ti ń wá ya fọ́tò níbẹ̀. Àtẹ̀gùn 132 ni. Ìyá kan tó gbé àpò ọjà méjì dání ń wá ibi tí yóò gbà kọjá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó fún kámẹ́rà. Ó ń bá wọn wí ní Sípáníìṣì, kò sì sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀. Èmi ò ya fọ́tò kankan. Èémí ni mò ń wá.

Ogden Avenue ni ojú ọjà àdúgbò yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró dè mí níwájú bodega kan, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù kékeré orí igun títì tí wọ́n ti ń ta gbogbo nǹkan, láti orí ọṣẹ dórí búrẹ́dì. Wọ́n to ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà síta nínú páálí, èyí tó pọ́n lọ́tọ̀, èyí tí kò tíì pọ́n lọ́tọ̀. Iṣu wà, ẹ̀gẹ́ wà, kókò wà. Mo wọlé, mo bá òtìlì nínú agolo lórí pẹpẹ. Òtìlì tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa nílé ò dá mọ̀ mọ́ ni àwọn ará Puerto Rico ń sè mọ́ ìrẹsì nígbà Kérésìmesì, wọn kì í sì í fi ṣeré. Àwọn ará Dominican Republic ní tiwọn a máa bọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀, wọ́n á da àlùbọ́sà pupa lé e lórí, wọ́n á sì fi ẹyin, wàrà díndín àti salami jẹ ẹ́ láàárọ̀. Mangú lorúkọ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ohun tí mo bá wá.

"Ó yá, Ṣáínà ẹ nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n nawọ́ sí òdìkejì títì. Ká má parọ́, bí wọn ò bá nawọ́ sí i ni, ǹ bá kọjá lára rẹ̀. Kò sí àwòrán dírágónì, kò sí fìtílà pupa. Yàrá tóóró kan ni, àwòrán oúnjẹ tí iná ń tàn lẹ́yìn wọn kún òkè kántà, gíláàsì tó nípọn sì dá oníbàárà yà kúrò lọ́dọ̀ olóúnjẹ, láti orí kántà títí dé àjà. Ojú ihò kékeré kan ni owó ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ ń gbà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ọdún tí olè jíjà gogò ní Bronx ni irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ gbòde, kò sì sẹ́ni tó rántí yọ ọ́ kúrò. Kò sí àga kankan. Gbé e kóo máa lọ ni.

Ará Ṣáínà ni obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ó lè tó ẹni àádọ́ta ọdún. Mo kí i ní Gẹ̀ẹ́sì. Sípáníìṣì ló fi dá mi lóhùn. Ọmọkùnrin tó wà níwájú mi ní kó fún òun ní chofán, bí àwọn ará Dominican Republic ṣe ń pe ìrẹsì díndín Ṣáínà. Obìnrin náà yíjú sẹ́yìn, ó ké sí ọkùnrin tó wà nídìí iná ní èdè tiwọn, ó tún kọjú sí ọmọ náà ní Sípáníìṣì, ó bi í bóyá yóò gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀gẹ̀dẹ̀, nílé oúnjẹ Ṣáínà! Oríṣi méjì ló wà lára pátákó: tostones, ìyẹn èyí tí kò pọ́n tí wọ́n dín, tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ, tí wọ́n tún dín lẹ́ẹ̀kejì, àti maduros.

"Gba maduros," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ sí mi létí. "Dòdò ni."

Mo gba apá adìẹ díndín, ìrẹsì díndín àti maduros. Lára pátákó yẹn náà ni mo ti rí adìẹ General Tso. Peng Chang-kuei, alásè ọmọ Hunan tó sá lọ sí Taiwan ní 1949, ló gbé oúnjẹ yẹn jáde níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Àwọn alásè New York ló wá kó ṣúgà dà á lórí. Ará Hunan tó bá jẹ ẹ́ ní Bronx lónìí lè má dá a mọ̀.

Apá adìẹ náà dára, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀. Ìrẹsì náà ò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Soy sauce ló pa á láró, ata ò kan án rárá. Ìrẹsì díndín tí wọ́n ń gbé síwájú ẹni lóde ìgbéyàwó nílé dára jù ú lọ fíìfíì, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Dòdò ló kó oúnjẹ náà yọ.

Oúnjẹ Ṣáínà wà ní igun kan sí ìkejì ní Highbridge, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ò pọ̀ níbẹ̀. Òwò tó ti la ọ̀nà tirẹ̀ ni. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ará Fujian ti ń ya wọ New York. Àwọn mìíràn fẹ̀mí wewu lójú omi, bí àwọn 286 tó wà nínú ọkọ̀ Golden Venture tó forí sọlẹ̀ létíkun Queens ní oṣù kẹfà ọdún 1993. Mẹ́wàá nínú wọn kú. Ní East Broadway, ní Chinatown ti Manhattan, àwọn ọ́fíìsì kéékèèké wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa pín alásè káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹni tó dé lánàá lè máa dín ìrẹsì lọ́la ní ìlú tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ibi tí owó ṣọ́ọ̀bù bá ti mọ níwọ̀n, tí èèyàn sì pọ̀, ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á sì kọ́ èdè oníbàárà. Ní Highbridge, Sípáníìṣì lèdè owó.

Àwọn kan wà, ní tiwọn, tó ti gbọ́ Sípáníìṣì kí wọ́n tó fojú rí New York. Ní 1847 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ kó àwọn ará Ṣáínà dé Kúbà fún iṣẹ́ oko ìrèké. Àdéhùn ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ní kí wọ́n tọwọ́ bọ̀, nígbà tó sì fi di 1874, àwọn tí wọ́n kó lọ ti tó bí 125,000. Inú oko yẹn kan náà ni wọ́n ti bá àwọn èèyàn wa, àwọn tí ogun tó tẹ̀ lé ìṣubú Ọ̀yọ́ kó lẹ́rú, tí Kúbà ń pè ní Lukumí. 1886 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Wọ́n jọ gé ìrèké ni, ìkòkò wọn náà sì jọ pàdé. Kódà, San Fan Con, akọni tí àwọn ará Ṣáínà ń bọ ní Kúbà, Ṣàngó ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn níbẹ̀ kà á sí. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gbàjọba ní 1959, tí ìjọba sì ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ oníṣòwò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ṣáínà yìí kó wá sí New York, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ "comidas chinas y criollas" sára rẹ̀. La Caridad 78, ní Broadway àti 78th Street ní Manhattan, wà lára èyí tó lókìkí jù. 1968 ni wọ́n ṣí i, 2020 ni wọ́n tì í pa. Èèyàn lè jẹ ìrẹsì díndín Ṣáínà, ẹ̀wà dúdú àti dòdò níbẹ̀ nínú abọ́ kan náà.

Bí a ṣe ń lọ sókè Ogden, a dé iwájú botánica kan, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àbẹ́là, ewé àti ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun ti Ṣàngó wà lójú fèrèsé, ti Ọ̀ṣun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di dandan kí a wọlé. Obìnrin tó ń tajà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Kúbà, bi wá ibi tí a ti wá. Nígbà tó gbọ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni, ó dìde dúró. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bi í, ó ní àmàlà àti ilá ni àwọn fi ń bọ Ṣàngó. Orí ẹ̀gbọ́n mi wú. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ń ro ó. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi. "Àmàlà àgbàdo?" ni wọ́n wí. "Ṣé Ṣàngó sì gbà?" Obìnrin náà ní kò tíì ṣàròyé.

Ọ̀rọ̀ Íńdíà ló kù. A rin Ogden já, a yà sí Nelson Avenue, a gba ẹ̀bá ilé ìkàwé Highbridge ní West 168th Street, mi ò rí ilé oúnjẹ Íńdíà kan ṣoṣo. Nínú ṣọ́ọ̀bù ọmọ Gáńbíà kan, mo rí àpò ìrẹsì basmati, mo rí curry oríṣiríṣi, ghee wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo pupa àti gàrí. Èlò pé, alásè ni ò sí.

Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ sápá Jerome Avenue, ní ilé oúnjẹ ará Jàmáíkà kan, ni ohun tí mò ń wá yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orúkọ Íńdíà lára rẹ̀: ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi curry sè, pẹ̀lú roti tó gbóná. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tú àwọn ẹrú sílẹ̀ pátápátá ní 1838, Íńdíà ni àwọn olóko ìrèké yíjú sí fún òṣìṣẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé Guyana. Ti Trinidad àti Jàmáíkà dé ní 1845. 1917 ni wọ́n tó fòpin sí i. Jàmáíkà nìkan gba bí 36,000 nínú wọn, àwọn ló sì gbé curry dé ìkòkò erékùṣù náà. Oko ìrèké ló mú Ṣáínà dé Kúbà, òun ló mú Íńdíà dé Jàmáíkà, òun náà ló ti gbé àwa lọ ṣáájú gbogbo wọn. Ewúrẹ́ náà dùn. Mo ní kí wọ́n fi kún un.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ti ọ̀dọ̀ àwọn onínǹkan wá tààrà, kó má fi òkè yìí da ara rẹ̀ láàmú. Kó wọ 4 dé 125th Street, kó bọ́ sínú 6 lọ sí Parkchester, ní Bronx yìí kan náà. Àwọn ará Bangladesh ló kún Starling Avenue níbẹ̀, biryani sì wà lọ́pọ̀ yanturu. Tàbí kó lọ sí 74th Street ní Jackson Heights, ní Queens. Ti Lexington Avenue lẹ́bàá 28th Street ní Manhattan náà ò burú, àmọ́ kó múra owó sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín olóúnjẹ Íńdíà àti ti Ṣáínà nìyí: ti Íńdíà a máa wá ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà kó tó dáná, ti Ṣáínà ń dáná láàárín àjèjì láìbojú wẹ̀yìn.

A gba University Avenue dé ìdí àfárá tí àdúgbò náà ti gba orúkọ. 1848 ni wọ́n parí rẹ̀ láti gbé omi Croton kọjá odò Harlem wọ Manhattan, òun sì ni àfárá tó dàgbà jù tó ṣì dúró ní New York. Wọ́n tì í mọ́ aráàlú lójú fún bí ogójì ọdún ó lé, ní oṣù kẹfà 2015 ni wọ́n tó tún ṣí i. Ọkọ̀ kì í gba orí rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ni ín. Òdìkejì ni Washington Heights, níbi tí àwọn ará Dominican Republic ti pọ̀ bíi ti Highbridge, tí ilé oúnjẹ Ṣáínà tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì tún pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ mú owó kéékèèké dání, nítorí kì í ṣe gbogbo ojú ihò wọ̀nyẹn ló ń gba káàdì. Ẹ béèrè maduros, kì í ṣe tostones. Ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ, kí ẹ gba adìẹ. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata, ẹ mú tiyín lọ láti ilé.