Òkè wo ló ga jù láyé? Ó di ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n

Nínú ìdíje ìbéèrè àwọn ọmọ iléèwé, àti lórí ètò àárọ̀ táwọn iléeṣẹ́ rédíò wa fẹ́ràn, ìbéèrè kan wà tí kì í tán: òkè wo ló ga jù lọ láyé? Ọmọ tó bá dáhùn pé Everest gba máàkì. Èyí tó bá dárúkọ Mauna Kea tàbí Chimborazo, wọ́n á ní kò gbà á, wọ́n á sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ó máa ń dùn mí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin tí wọ́n fi wọn òkè kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀, òfin yẹn gan-an ni ẹni tó ń béèrè kì í sọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Everest bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1849 sí 1850, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ Íńdíà nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wo òkè kan lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n fún ní nọ́ńbà lásán: òkè kẹẹ̀ẹ́dógún. Nepal ò gbà kí wọ́n wọ ilẹ̀ òun, nítorí náà pẹ̀tẹ́lẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n dúró sí. Ibi tó sún mọ́ òkè náà jù nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti wò ó jìn tó nǹkan bí 170 kìlómítà. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúwo débi pé ọkùnrin méjìlá ló ń gbé ẹyọ kan. Ẹ̀rọ náà kò sì lè sọ bí òkè ṣe ga tó. Igun tí ṣóńṣó òkè fi yọ sókè lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀ nìkan ló ń sọ, ìyókù dọwọ́ ẹni tó mọ ìṣirò.

Ẹni náà ni Radhanath Sikdar, ọmọ Bengal. Òun ló jókòó ti àwọn igun wọ̀nyẹn. Ó ní láti ro ti ayé tó tẹ̀, kó ro ti ìmọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí dà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kó sì yọ gbogbo àṣìṣe tí èyí lè bí. Lọ́dún 1852, ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé kò sí òkè mìíràn tí wọ́n tíì wọ̀n tó ga tó òkè kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọdún 1856 ni ọ̀gá wọn, Andrew Waugh, kéde rẹ̀ fáyé gbọ́: ẹsẹ̀ bàtà 29,002, ìyẹn nǹkan bí 8,840 mítà. Lọ́dún 1865 wọ́n fi orúkọ George Everest, tó jẹ́ ọ̀gá ṣáájú Waugh, sọ òkè náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Tibet ti ń pè é ní Chomolungma tipẹ́tipẹ́. Ó wù mí kí àwọn tó ń ṣètò ìdíje máa béèrè orúkọ Sikdar nígbà mìíràn. Ọkùnrin yẹn ò fẹsẹ̀ kan òkè náà, síbẹ̀ nígbà tí Ṣáínà àti Nepal jọ kéde gíga rẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2020, 8,848.86 mítà ni wọ́n pè é. Nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án péré ló fi yàtọ̀ sí iye ti 1856.

Kí orílẹ̀-èdè méjèèjì tó fẹnu kò, wọ́n ti bára wọn jiyàn. Lọ́dún 2005, Ṣáínà wọ̀n ọ́n mọ orí àpáta, ó ní 8,844.43 mítà ni. Nepal ní tirẹ̀ ń ka yìnyín tó bo àpáta mọ́ ọn, ó sì dúró lórí 8,848. Ilẹ̀ tó mì tìtì ní Nepal lọ́dún 2015 tún dá kún un, torí àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá òkè náà ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí òkè kan ṣoṣo bá lè ní gíga méjì nítorí yìnyín orí rẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ìdí rẹ̀?

Gbogbo iye tí mo kà sílẹ̀ yìí, láti ojú òkun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Òkun sì jìnnà réré sí Everest. Mauna Kea tó wà ní Hawaii, àárín òkun gan-an ló ti hù jáde. Apá tó yọ sókè lójú omi jẹ́ 4,207 mítà, kò tó ìdajì Everest. Àmọ́ ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kà á láti ìdí yẹn dé ṣóńṣó máa rí i pé ó lé ní 10,000 mítà. Tí ìbéèrè bá jẹ́ òkè tó gùn jù láti ìdí dé orí, Everest ti fìdí rẹmi.

Ti Chimborazo ló jinlẹ̀ jù. Ecuador ló wà, ní gúúsù Amẹ́ríkà, gíga rẹ̀ láti ojú òkun sì jẹ́ 6,263 mítà. Ayé tí à ń gbé yìí ò rí roboto délẹ̀. Nítorí pé ó ń yí láìdúró, ó yọ ikùn ní agbedeméjì, bí ọsàn tí èèyàn fọwọ́ tẹ̀ lórí àti nídìí. Láti àárín gbùngbùn ayé dé ojú òkun ní ìlà agbedeméjì ayé jẹ́ nǹkan bí 6,378 kìlómítà. Láti ibẹ̀ kan náà dé òpin ayé ní àríwá tàbí gúúsù jẹ́ 6,357. Ìyàtọ̀ kìlómítà mọ́kànlélógún nìyẹn, ó ju ìlọ́po méjì gíga Everest lọ. Orí ikùn yẹn gan-an ni Chimborazo jókòó lé, Everest sì wà ní àríwá, ó jìnnà síbẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró lórí Chimborazo fi nǹkan bíi kìlómítà méjì jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé ju ẹni tó wà lórí Everest lọ.

Agbègbè yẹn náà ni wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ ikùn ayé. Lọ́dún 1735, ilẹ̀ Faransé rán àwọn onímọ̀ bíi Pierre Bouguer àti La Condamine lọ síbẹ̀ kí wọ́n lọ wọn ilẹ̀, kí iyàn lè tán lórí bí ayé ṣe rí. Nígbà tí Alexander von Humboldt sì ń gun Chimborazo lọ́dún 1802, èrò àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ni pé òun ló ga jù láyé. Chimborazo nìkan ni ìdáhùn tó máa gba máàkì nígbà náà.

Odò ńkọ́? Ìwé iléèwé ní Nile ló gùn jù, nǹkan bí 6,650 kìlómítà, kí Amazon tó tẹ̀ lé e. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Brazil sọ lọ́dún 2007 pé Amazon tó 6,800, torí orísun mìíràn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí òkè ilẹ̀ Peru. Iyàn náà ò tíì parí. Ti ìwọ̀n omi ni kò sí iyàn nínú rẹ̀: nínú gbogbo omi tí odò ayé ń dà sínú òkun, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń ti Amazon jáde. Aṣálẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Àìtó òjò làwọn onímọ̀ fi ń mọ aṣálẹ̀, kì í ṣe iyanrìn tàbí oòrùn, èyí ló jẹ́ kí Antarctica tí yìnyín bò jẹ́ aṣálẹ̀ tó tóbi ju Sahara lọ.

Kì í ṣe òkè àti odò nìkan ni òfin ìwọ̀n ń bá jà. Àríyànjiyàn ló bí ìwé Guinness pàápàá. Lọ́dún 1951, Hugh Beaver, ọ̀gá iléeṣẹ́ ọtí Guinness, lọ yìnbọn sẹ́yẹ ní Wexford nílẹ̀ Ireland. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa ẹyẹ ìgbẹ́ tó ń yára fò jù ní Yúróòpù, kò sì sí ìwé tó lè dá wọn láre. Àwọn ìbejì kan, Norris àti Ross McWhirter, ni wọ́n gbé iṣẹ́ kíkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ìwé àkọ́kọ́ sì jáde lọ́dún 1955. Láti ìgbà náà, òfin ló ń gbé ìwé náà ró. Hilda Baci, alásè ọmọ Nàìjíríà, dáná fún ọgọ́rùn-ún wákàtí ní Lekki lóṣù Karùn-ún ọdún 2023. Wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni Guinness kọ sílẹ̀ fún un, torí ó ṣèèṣì sinmi kọjá iye ìṣẹ́jú tí òfin gbà láyè nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Alan Fisher, ọmọ Ireland tó ń gbé ní Japan, ti gba ipò ẹni tó dáná pẹ́ jù láyé pẹ̀lú wákàtí 119 àti ìṣẹ́jú 57.

Èyí tó sún mọ́ ọkàn mi jù ni ti Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 2022, ní ìlú Eugene nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ó lo ìṣẹ́jú àáyá 12.12, ó sì fọ́ àmì 12.20 tí Kendra Harrison fi lélẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2016. Alẹ́ ọjọ́ kan náà, ó padà wá sá àṣekágbá. 12.06 ló lò. Ó gba góòlù, ọmọ Nàìjíríà kankan ò tíì gba góòlù nínú ìdíje eré sísá àgbáyé rí ṣáájú rẹ̀.

Síbẹ̀ 12.12 ló wà nínú ìwé, kì í ṣe 12.06. Ẹ̀rọ kékeré kan máa ń wà létí ọ̀nà eré, àádọ́ta mítà sí ibi tí wọ́n ń parí eré. Bí ìbọn bá ti dún, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ látẹ̀yìn àwọn tó ń sáré bá ju mítà méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn ò ní í kọ àkókò wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì àgbáyé, torí afẹ́fẹ́ ń tì wọ́n. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá yẹn, 0.9 ni afẹ́fẹ́. Ní àṣekágbá, 2.5 ni. Góòlù ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú afẹ́fẹ́, torí gbogbo wọn ni afẹ́fẹ́ kan náà fẹ́ lù. Nítorí náà, tí wọ́n bá béèrè eré tí Tobi Amusan yára jù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, 12.06 ni. Tí wọ́n bá béèrè àmì àgbáyé tó fi lélẹ̀, 12.12 ni. Ẹni tó bá da ìbéèrè méjèèjì pọ̀ máa fi ẹ̀tọ́ ọmọ tó gbà á du ú.

Ìbéèrè iye èèyàn ló kù, òun ló sì rọrùn jù láti ṣì mú, torí ọdún ń yí i padà. Àwa tí a kàwé láyé àtijọ́, Ṣáínà la kọ́ pé èèyàn pọ̀ sí jù láyé. Lóṣù Kẹrin ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé Íńdíà ti ń kọjá rẹ̀, èèyàn ibẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù kan àti irinwó mílíọ̀nù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde yẹn, ọdún 2011 ni Íńdíà ti ka èèyàn rẹ̀ kẹ́yìn. Ìṣirò ìbí, ikú àti àwọn tó ń ṣí kúrò nílé ni wọ́n gbé e kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Nàìjíríà ló pọ̀ jù ní Áfíríkà, iye tí wọ́n sì ń pè báyìí lé ní igba mílíọ̀nù. Àmọ́ ọdún 2006 ni wọ́n ti lọ láti ilé dé ilé kẹ́yìn láti kà wá, 140,431,790 ni wọ́n sì kọ sílẹ̀.