Ọ̀bẹ Wo Ló Yẹ Ẹran Ìgbẹ́?

Lọ́jọ́ ìkómọ kan nílé wa ní Òkukù, ọdẹ kan gbé ọ̀yà méjì wá bá wa. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kun ún. Ọ̀bẹ kan tó ti kú àti àdá tí wọ́n fi ń ro oko ni mo bá nílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá gé ẹran àti eegun pọ̀ wẹ́wẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èérún eegun kan há ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́fun. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Òru la gbé e dé Òṣogbo. Àwọn dókítà yọ eegun náà, ọmọ sì yè. Eegun tí wọ́n fi hàn mí nínú abọ́ kékeré kò gùn ju èékánná ìka lọ, ṣùgbọ́n ó mú ju ọ̀bẹ tí mo lò lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí. Ìyá wa nìkan ló sọ̀rọ̀: “Ẹran yẹn kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀bẹ ni o kò wá.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀bẹ, láti ilé arọ ní Ìnísà títí dé ọjà Ìkìrun. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

Ẹ mọ ẹran kí ẹ tó mọ ọ̀bẹ

Ẹni tó bá ka ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, èyí tó jáde ní 1966, yóò rí i pé àwọn ọdẹ a máa ki ẹranko bí wọ́n ṣe ń ki ènìyàn. Wọ́n mọ ìrìn rẹ̀, wọ́n mọ ara rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ọ̀bẹ náà ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé àwọn òyìnbó lórí kíkun ẹran ìgbẹ́ sábà máa ń fi ọ̀bẹ ìbówọ ṣáájú, nítorí pé wọ́n máa ń bó awọ àgbọ̀nrín wọn dànù. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í bó ọ̀yà. Iná la fi ń wi irun rẹ̀, awọ náà sì wà lára ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn. Nítorí náà, ọ̀bẹ tó kọ́kọ́ wúlò fún wa ni èyí tí a ó fi họ ara ẹran lẹ́yìn tí a bá ti wi í tán.

Eegun ọ̀yà tínrín. Bí a bá fi irin wúwo lù ú, ńṣe ló máa ń fọ́ sí èérún. Ẹtu tóbi jù ú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹran itan rẹ̀ sì nípọn. Ọ̀bẹ tó bá ọ̀kan mu lè máà bá èkejì mu.

Ọ̀bẹ mẹ́ta tó

Èkíní ni ọ̀bẹ ìhọran. Kò pọn dandan kí ó mú púpọ̀. Ọ̀bẹ àtijọ́ tó fẹjú, tí ojú rẹ̀ tọ́, ti tó.

Èkejì ni ọ̀bẹ tí a ó fi yọ eegun, òun sì ni kí ẹ náwó lé lórí jù. Kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ṣóńṣó rẹ̀ mú, kí ó sì le tó láti má ṣe tẹ̀ kọrọdọ lọ́wọ́ yín. Fún ọ̀yà, ojú ọ̀bẹ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 dára. Fún ẹtu, 15. Ẹ má ra èyí tí ojú rẹ̀ ní eyín bí ayùn, nítorí ńṣe ló máa ń fa ẹran ya.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀bẹ ńlá tàbí àdá kékeré, fún ẹ̀yìn àti ìhà nìkan. Kò ní iṣẹ́ kankan lára ẹsẹ̀. Ẹ ká ẹsẹ̀ ẹran náà títí tí oríkèé yóò fi hàn, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kékeré gé iṣan tó dì í mú, ẹsẹ̀ yóò sì bọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ la inú itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, kí ẹ máa fà á lára eegun díẹ̀díẹ̀. Kí ọ̀bẹ máa lọ síwájú, kì í ṣe sọ́dọ̀ ọwọ́ tí ẹ fi di ẹran mú. Ẹ má da eegun nù: ẹ sè é lódidi, kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ omi rẹ̀ sínú ọbẹ̀.

Ti alágbẹ̀dẹ tàbí ti ọjà?

Ní ilé arọ, sípíríǹgì ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń rọ di ọ̀bẹ. Irin yìí rọrùn láti pọ́n, ó sì máa ń mú gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń dípẹtà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á lára. Àǹfààní tí ọjà kò ní ni pé alágbẹ̀dẹ lè rọ èyí tó bá ọwọ́ yín mu. Orí páálí ni mo ya tèmi sí kí n tó lọ sí Ìnísà.

Ọ̀bẹ tí kì í dípẹtà ló pọ̀ lọ́jà Ìkìrun. Ẹ má wo dídán rẹ̀. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ díẹ̀: bí kò bá padà sípò, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn alápatà káàkiri ayé ń lo irú èyí tí líle rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 56 sí 58 lórí ìwọ̀n Rockwell: ó le tó láti mú pẹ́, kò sì le débi tí yóò fi ya bí ó bá kan eegun.

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yẹ èèkù wò. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá a máa yọ̀. Èèkù tó jọ̀lọ̀ jù léwu. Kí irin náà wọnú èèkù jinlẹ̀, kí ó má sì mì.

Pípọ́n

Ọ̀bẹ tó kú ló ń gé ènìyàn, nítorí pé agbára ni a ó máa fi tì í. Ẹ ṣẹ́ igun bébà lẹ́ẹ̀mejì: igun tó kù jẹ́ dígíríì 22 àti ààbọ̀. Ẹ dẹ ọ̀bẹ sílẹ̀ díẹ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ sì pọ́n ojú méjèèjì bákan náà. Bébà ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe àtàǹpàkò.

Ẹran tí ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn

Ẹ má kun ẹran tí ẹ bá ní òkú nínú igbó. Ní 2023, àrùn anthrax wọ Ìpínlẹ̀ Niger, irú òkú ẹran bẹ́ẹ̀ sì wà lára ọ̀nà tó ń gbà ràn. Ní 2003, òkété tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà wà lára àwọn ẹran tó gbé mpox débẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀bẹ tó bá kan ìfun kò gbọdọ̀ kan ẹran mọ́ àfi tí ẹ bá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ fi ìka wá ọta ìbọn, kí ẹ sì se ẹran náà jinná. Akika ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀: láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín ara wọn.

Ní òpin ọdún tó kọjá, mo tún kun ọ̀yà ní Òkukù. Ọ̀bẹ Ìnísà ni mo lò, ó sì gbà mí ní àkókò ju ti ìjọ́sí lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba abọ́ rẹ̀, ó tú ẹran wò, ó sì bi mí bóyá eegun wà níbẹ̀. Mo ní kò sí. Ìyá rẹ̀ ṣì kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá inú abọ́ náà kí ó tó jẹ́ kí ó jẹun. N kò dá a lẹ́bi.